Agolo Bournvita àti Kúpọ́ọ̀nù Ọjọ́ Sátidé

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa kọ ọ̀rọ̀ yìí, òní ni mo rí àyè. Ọ̀rọ̀ ìdílé wa àti tẹ́tẹ́ ni. Ó gùn o. Ẹ wá nǹkan mu sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnì kan ń ta tẹ́tẹ́ nílé wa. Gbogbo wa la jọ ń ta á. Bàbá àgbà, Ìyá àgbà, bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, èmi àti àbúrò mi. Bí àwọn ìdílé míì ṣe ń kóra jọ gbàdúrà alẹ́, bẹ́ẹ̀ làwa ń kóra jọ kọ kúpọ́ọ̀nù. Ní Ketu níbí, tí ẹ bá béèrè ilé wa, wọn ò ní pè é ní ilé onítẹ́tẹ́. Ilé onírédíò ni wọ́n máa pè é. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹṣin ni. Ẹṣin gidi, tó ní ìrù.

Mẹ́sénjà ni Bàbá àgbà ní ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní Marina, Lafiaji ni wọ́n sì ń gbé nígbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí TBS rí, bóyá ẹ lọ wọ mọ́tò, bóyá ṣóò lẹ lọ wò, ẹ gbójú sókè wo ẹnu géètì. Ẹṣin funfun ńlá mẹ́rin ló wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ idì pupa méje. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Race Course ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí wọ́n fa tiwa sókè ní October 1, 1960. Ní 1972, láyé ìjọba Gowon, wọ́n kọ́ Tafawa Balewa Square sórí ilẹ̀ náà. Ẹṣin tó ń sáré wá di ère.

Bàbá àgbà ò gun ẹṣin rí láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ pé tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹṣin, ẹ máa rò pé ọmọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n. Èyí ò fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, èyí máa ń sùn tó bá ku díẹ̀ kó dé òpin. Sísì ló ń fi lé e, nígbà míì ṣílè. Náírà ò tíì dé nígbà yẹn, 1973 ló dé.

Nígbà tí wọ́n ti pápá, púùlù ló kù.

Ẹ̀yin ọmọ orí fóònù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé púùlù, torí mo mọ̀ pé ẹ kàn ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni. Àwọn ará Ìlú Ọba ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Littlewoods bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Liverpool ní 1923. Nígbà tó dé Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà dìde. Ìwé kan ni wọ́n máa fún ẹ, ìdíje bọ́ọ̀lù 49 ló wà nínú ẹ̀, ti England àti Scotland. O ò wá ẹni tó máa borí. Ọ̀mì lò ń wá! Ẹgbẹ́ méjì tí kò ní rí ara wọn mú. Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé Arsenal máa nà wọ́n, àwọn bàbá wa ń wá Arbroath àti Stenhousemuir tí ọ̀rọ̀ wọn máa já sí ọ̀mì. Àwọn bàbá tí kò kúrò ní Kosofe rí, wọ́n mọ Arbroath! Tí àwọn òyìnbó bá lọ ìsinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù Ọsirélíà wọ inú ìwé. Tẹ́tẹ́ kì í lọ ìsinmi.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: ní 1963, yìnyín bo Ìlú Ọba débi pé wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn onípúùlù ò fẹ́ kí owó dúró. Wọ́n kó àwọn àgbà bọ́ọ̀lù jọ sínú yàrá kan, Tom Finney àti Tommy Lawton wà níbẹ̀, pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ bí ìdíje tí ẹnikẹ́ni ò gbá ṣe máa parí. Pools Panel ni wọ́n ń pè é. Bàbá àgbà gba èsì wọn bí ìgbà tí Ifá fọhùn. Ẹnì kan ní London sọ pé ọ̀mì ni, ọ̀mì náà ni ní Lafiaji.

Ó wá ku rédíò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, BBC máa ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Láti 1974 títí di 2013, James Alexander Gordon lẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ èsì yẹn. Bó bá dárúkọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ àti góòlù wọn, tó bá wá kan orúkọ ẹgbẹ́ kejì, ohùn ẹ̀ nìkan máa ń sọ fún ẹ bóyá wọ́n borí, bóyá wọ́n fìdí rẹmi, àbí ọ̀mì ni, kó tó dárúkọ góòlù wọn. Tó bá lọ sókè, wọ́n borí. Tó bá wálẹ̀, ó ti parí fún wọn. Tí ohùn méjèèjì bá jọ ara wọn, ọ̀mì.

Ìyá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "good morning" lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, ohùn la fi ń sọ èdè wa. Òun ló máa ń kọ́kọ́ pariwo "ọ̀mì!" kí ọkùnrin yẹn tó parí gbólóhùn. Bàbá mi tó ka ìwé mẹ́wàá á ṣì máa fi bírò wá ìlà lórí kúpọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní ilé onírédíò. Àwọn ará àdúgbò máa ń wá dúró sẹ́nu wíńdò wa, kì í ṣe BBC ni wọ́n wá gbọ́, Ìyá àgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa agolo.

Agolo Bournvita kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, mo bá a níbẹ̀ ni. Owó kúpọ́ọ̀nù ló ń wọ inú ẹ̀. Iye kan náà ni kálukú ń dá, àgbà o, ọmọdé o. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ₦10 ni. Owó tí kò bá wọ agolo kí a tó sùn ní alẹ́ Fráídè ò wọlé mọ́, bí àlá tó dára jù ṣe lè wá bá ẹ ní òru. A kì í yá ẹnikẹ́ni lówó agolo. Bí o kò bá ní, o jókòó, o wòran. Tí a bá jẹ, inú ilé la ti ń ná an, kò sẹ́ni tó ń mú ìpín ẹ̀ jáde. Adìyẹ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó bí mi, fíríìjì Thermocool ni, ó ṣì wà, ìyá mi ń kó àwo sínú ẹ̀ báyìí torí kò tutù mọ́.

Kálukú ló ń mú nọ́ńbà kan. Ìyá àgbà ń mú tiẹ̀ láti inú àlá. Bàbá mi ń ka Bob Morton bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Tèmi ni 17, mi ò mọ ìdí, mo kàn fẹ́ràn bó ṣe rí. Ìyá mi nìkan ni kì í mú nọ́ńbà. Ó ní Ọlọ́run ò rán òun níṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹran adìyẹ yẹn, ó ń jẹ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tí aṣojú púùlù tó wà ládùúgbò wa kógbá sílé, Baba Ìjẹ̀bú la kó lọ. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìpẹ́rú Rẹ́mọ ni Olóyè Kessington Adebutu, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú? Aṣojú púùlù Face to Face lòun náà kó tó di olówó tó dá Premier Lotto sílẹ̀. Ìyẹn ni pé látinú púùlù náà ni lọ́tò ti jáde, a kàn tẹ̀ lé bàbá lọ ni.

Nọ́ńbà 90 ló wà nínú lọ́tò yẹn, márùn-ún ló ń jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta "two sure", ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nọ́ńbà méjì-méjì tí èèyàn lè mú nínú 90 jẹ́ oríṣi 4,005. Nínú márùn-ún tó bá jáde, oríṣi mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú nǹkan bí 400 ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan lo máa jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí àwa ń lò, ìlọ́po 240 ni wọ́n ń san. O fi ₦100 lé e, o gba ₦24,000, o pariwo. Ká ní ó dọ́gba ni, ₦40,000 ló yẹ kó jẹ́. Ìyókù lówó ilé. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi lọ́dún tí mo wà ní SS2. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ti mọ ìṣirò jù. Mú nọ́ńbà ẹ."

Ìyá àgbà kú ní 2016, ọmọ ọdún 84. Tẹ́ ẹ bá gbé Èkó, ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Pósítà òkú ò tíì gbẹ lára ògiri tí gbogbo Ketu ti ń ta 84. Kò jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ó jáde lẹ́yìn tí a sin ín tán tí kò sẹ́ni tó mú un mọ́, ariwo sì sọ pé Ìyá ń bínú. Ìyá ò bínú. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan nínú 18 láti jáde, wọ́n sì ń ta oríṣi lọ́tò ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́. Gbogbo nọ́ńbà ló ń jáde. Ìwọ ló ti lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ló kàn báyìí.

Ọmọ ọdún 22 ni àbúrò mi. Ó ń bá ọkùnrin kan ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ní Mile 12, iye apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó wọlé àti iye tó jáde. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìyá mi náà ń ta ata rodo àti tàtàṣé nínú ọjà yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ó gba àjọ ẹ̀, ₦310,000. Àkáǹtì àbúrò mi lowó náà wọ̀, torí òun ló máa ń bá a sanwó fún àwọn tó ń kó ata wá láti Òkè Ọya.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ná an. Orí fóònù. Nínú yàrá tí èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń sùn.

Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, géèmù kan ló gé e. Mẹ́wàá ló mú, mẹ́sàn-án wọlé. Ẹ wò ó, ká ní géèmù kọ̀ọ̀kan dá ẹ lójú ní 70 nínú 100, tó o bá so mẹ́wàá pọ̀, àǹfààní tó o ní kò tó 3 nínú 100. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án tó wọlé ló ń bá èèyàn sùn. Ó fẹ́ gba owó yẹn padà kí ìyá wa tó mọ̀. Nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù gidi mọ́ lóru, ó lọ sí èyí tí kọ̀ǹpútà ń gbá fúnra ẹ̀, tí ọ̀kan ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láàárín kúpọ́ọ̀nù kan àti òmíràn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bàbá àgbà ní láti fi ronú. Àbúrò mi ò ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

A jókòó ní alẹ́ Sunday. Ìyá mi ò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Dádì, ẹ bá a wí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Bàbá mi la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ohun tí àwa ń ṣe kọ́ nìyẹn. Àwa jọ ń ta tiwa ni. Agolo wà níbẹ̀ níṣojú gbogbo ayé."

Èmi náà gbà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́kàn mi. Ṣebí agolo ní òfin? Ta ló fi ₦310,000 sínú agolo rí?

Màmá Ṣómólú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, wà níbẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin rò pé eré ni Ìyá fi agolo yẹn ṣe?"

Ohun tí wọ́n sọ rèé. Mò ń kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Bàbá gba owó oṣù lọ́jọ́ Fráídè, ó gba Race Course lọ ní Sátidé, ó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ìyá bá wọn yá owó jẹun lọ́dọ̀ àwọn ará ilé. Nígbà tó tún di Sátidé, Ìyá wá yẹtí góòlù ẹ̀, èyí tí ìyá ẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò sí níbẹ̀. Bàbá ti tà á. Ó ní ẹṣin tó dá òun lójú ni. Ẹṣin yẹn ṣe ipò kẹta.

"Ìyá ò jà. Ó lọ mú agolo bísíkíìtì, ó gbé e sí àárín ilé, ó pe àwa ọmọ jáde. Ó ní, 'Bí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, ẹ ò ní í dá a ta mọ́. Èyí tó bá wọ inú agolo yìí níṣojú àwọn ọmọ yín nìkan lẹ máa gbé lọ.' Ó wá fi kọ́bọ̀ tiẹ̀ síbẹ̀. Ó ní kí àwa náà fi síbẹ̀. Ojú ọmọ ló fi ṣọ́ ọkọ ẹ̀. Ẹ̀yin wá ń pè é ní àṣà ìdílé."

Pálọ̀ dákẹ́. Bàbá mi, ọmọ ọgọ́ta ọdún, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó ń wo agolo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo ti ronú sí i títí. Gbogbo òfin tí mo rò pé eré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí ìdí ẹ̀ báyìí. Iye kan náà fún gbogbo èèyàn, kí Bàbá má lè fi owó oṣù sílẹ̀ níbẹ̀. Alẹ́ Fráídè, torí Fráídè ló ń gbowó. A kì í yáni lówó. A kì í mú èrè jáde nínú ilé. Kódà ìyẹn tó ń tẹ́tí sí rédíò ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo rò pé ó fẹ́ràn tẹ́tẹ́ ni. Bóyá ó fẹ́ràn ẹ̀ náà o, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ń ṣọ́ ọ̀nà.

Àwọn kan lára yín máa sọ pé ẹ ò rí i, àjọṣe dára, fóònù ló burú. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ ọ́, kódà. Mo ní agolo ń dáàbò bò wá. Ìyá mi ló dá mi lóhùn, òun tí kì í mú nọ́ńbà.

Ó ní, "Ọgbà ni Ìyá ṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n inú ọgbà yẹn náà lẹ ti gbìn ín. Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yìí nígbà tó kọ́kọ́ mú nọ́ńbà? Gbogbo ìgbà tínú yín dùn nínú ilé yìí, tẹ́tẹ́ ló wà níbẹ̀."

Mi ò ní èsì fún un. Títí di òní. Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbúrò mi nígbà tó kọ́kọ́ mú nọ́ńbà, òfin sì sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé 18 kò gbọ́dọ̀ ta á. A rò pé òfin yẹn ò kan inú pálọ̀. Mo tún mọ̀ pé ká ní kò sí agolo yẹn, Bàbá àgbà ì bá ti ta bùbá ara Ìyá tẹ̀ lé yẹtí, ó ṣeé ṣe kí a má nílé ní Ketu rárá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ òótọ́, mi ò lè fi ọ̀kan pa èkejì.

Báyìí la ṣe wà báyìí o. A ò kọ kúpọ́ọ̀nù láti ìgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀, bàbá mi ni kò fi owó sí agolo ní Fráídè tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Àbúrò mi yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lórí fóònù níṣojú wa. Owó oṣù ẹ̀ ń wọ àkáǹtì tí álátì ẹ̀ ń lọ sórí fóònù ìyá mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Màmá Ṣómólú ní Bàbá àgbà náà kì í ṣe ọmọdé.

Ó ti san ₦85,000 padà, ó ku ₦225,000. Ní gbogbo òpin oṣù, ó ń kó o lé ìyá mi lọ́wọ́ ní pálọ̀, ìyá mi á kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́, á ká a sínú ìró, á sì ní kí ó lọ jẹun.